Àfikún ọ̀kadà: ti ẹ̀yà kan ṣoṣo, àbí ti gbogbogbòò?

Láti 2006 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà láàárín ìlú Àbújá, ìdí nìyí tí ọjà àfikún, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀kadà, fi pọ̀ sí àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bíi Kubwa, Nyanya àti Zuba. Èwo ni kí ẹni tó fẹ́ dá ìsọ̀ sílẹ̀ kó: èyí tó bá irú ọ̀kadà kan ṣoṣo mu, àbí ti gbogbogbòò tó bá ọ̀pọ̀ ọ̀kadà mu?

Èrè wà lára ti ẹ̀yà kan ṣoṣo: gáàdì iwájú, irin ẹrù ẹ̀yìn. Ó máa ń wọlé wẹ́kú, oníbàárà kì í sì í yọwó púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ bá pààrọ̀ ìrísí ọ̀kadà yẹn, ọjà á kú sí ọ lọ́wọ́. Kí ihò bóòtù sún ní mìlímítà 5 péré, gáàdì ò wọlé mọ́. Àwọn kan á ní kí wẹ́dà fi iná fẹ ihò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà: irin náà á máa gbọ̀n, bóòtù á tú, gáàdì á sì sán. Orúkọ ọ̀kadà nìkan kò tó. Wọn ihò sí ihò lára ọ̀kadà gan-an kó o tó ra páálí kan.

Ti gbogbogbòò kì í pẹ́ lórí àtẹ, àmọ́ èrè rẹ̀ tín-ín-rín. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀kadà nípọn ní mìlímítà 22, ìdìmú fóònù kan náà á bá wọn mu. Dígí ló ní wàhálà: ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ inú ihò lè nípọn ní mìlímítà 8 tàbí 10, ti apá ọ̀tún ọ̀pọ̀ Yamaha sì ń yí sódì. Fi tipá yí i, tíréèdì (ojú ìyí rẹ̀) á jẹ.

Tówó bá kéré, tí onírúurú ọ̀kadà sì ń gba iwájú ìsọ̀ rẹ, kó ti gbogbogbòò. Tó o bá wà nítòsí páàkì tí ẹ̀yà kan ti pọ̀ jù, kó ti ẹ̀yà yẹn, díẹ̀díẹ̀.