Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra díráìfù: "16TB" pélébé yẹn, ayédèrú ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá díráìfù tí ẹ máa fi pa ẹ̀dà fáìlì yín mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fura kí ẹ tó sanwó. Ayédèrú SSD alágbèéká (SSD ni díráìfù tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tí ó yàtọ̀ sí háàdì díráìfù) ló kún orí àtẹ àwọn ọjà orí ayélujára báyìí. Ó pélébé, ara rẹ̀ ń dán, ó wọ àpò, wọ́n kọ 16TB tàbí 30TB sí i lára, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú tí kò tó ra ojúlówó 1TB (1TB jẹ́ ẹgbẹ̀rún GB). Irọ́ pátápátá ni.

Ẹ wo ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ gidi ń ṣe, ẹ ó rí i pé kò lè jẹ́ òótọ́. Háàdì díráìfù alágbèéká, èyí tó ń gba iná láti ara wáyà USB nìkan, 5TB ló ga jù nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ọdún 2024 ni Western Digital ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti 6TB jáde. T5 EVO tí Samsung gbé jáde ní 2023, SSD ni, 8TB sì ni òpin rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Háàdì díráìfù 16TB wà lóòótọ́, àmọ́ gàgàrà tó ń jókòó sórí tábìlì ni, ó sì ní ṣájà tirẹ̀ tí a máa ń kì bọ ògiri.

Tí ẹ bá tú ayédèrú náà, mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan tàbí méjì lẹ máa bá nínú rẹ̀, irú èyí tí à ń fi sínú fóònù, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù USB. Àwọn mìíràn tún máa ń fi irin sí i kó lè wúwo lọ́wọ́. Wọ́n ti yí ètò inú bọ́ọ̀dù náà padà kó lè máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé 16TB ni òun, kọ̀ǹpútà kò sì ní ọ̀nà tó fi máa mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tó bá sọ ni yóò gbé sójú yín.

Ká ní 64GB ni káàdì inú rẹ̀. Fáìlì tí ẹ bá kọ́kọ́ kó sí i yóò wọlé, yóò sì ṣí. Bí 64GB bá ti kún, díráìfù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, tàbí kó kàn máa da èyí tó ń bọ̀ nù, síbẹ̀ yóò máa dá kọ̀ǹpútà lóhùn pé ohun gbogbo ti wọlé. Orúkọ fáìlì yóò pé, ìwọ̀n rẹ̀ yóò pé, ọjọ́ rẹ̀ yóò pé, torí pé ibi tí a ń kọ orúkọ sí sábà máa ń wà ní apá tó jẹ́ òótọ́. Ẹ ó máa rí àwọn fọ́tò yín nínú fódà. Ọjọ́ tí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́, tí ẹ wá lọ tẹ fọ́tò náà, ni kò ní ṣí. Ìdí nìyí tí ìràwọ̀ márùn-ún tí àwọn òǹrajà fún un kò fi jẹ́ ẹ̀rí kankan: ìwọ̀nba fáìlì ni wọ́n kó sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bọ́ọ̀dù yìí sábà máa ń jẹ́ USB 2.0, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ rí bíi ti USB-C. Kì í sáré kọjá nǹkan bíi 30 sí 40MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá jẹ́ 30MB, ó máa gbà ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, tọ̀sán tòru, kí ẹ tó kó 16TB sí i. Ta ló máa jókòó ti ìyẹn? Ohun tí àwọn oníjìbìtì gbójú lé nìyẹn, pé àkókò tí ẹ lè dá ọjà padà á ti kọjá kí àṣírí tó tú.

Nítorí náà, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tó bá dé, kí fáìlì kankan tó wọ inú rẹ̀. Lórí Windows, ètò ìdánwò tó ń jẹ́ H2testw ni kí ẹ lò. Ẹ yan díráìfù, ẹ kọ 300000 sí àpótí MByte, kí ẹ tẹ "Write + Verify". Yóò kọ 300GB sí i, yóò wá kà á padà. Bó bá jẹ́ ayédèrú, yóò sọ iye tó dára àti iye tó sọnù. Lórí Mac tàbí Linux, ètò F3 ló wà, inú Terminal lẹ ti máa tẹ àṣẹ rẹ̀: `f3write --end-at=300`, kí ẹ fi ibi tí díráìfù wà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà `f3read` pẹ̀lú ibi kan náà. Ibi "Data LOST" ni kí ẹ wò. Òdo ló gbọ́dọ̀ jẹ́. 300GB ti tó láti tú àṣírí èyí tó ní káàdì kékeré nínú. Èyí tó bá yege, ẹ tún fi gbogbo àyè rẹ̀ dán an wò; 1TB tó ń sáré 100MB yóò gba bíi wákàtí mẹ́ta láti kọ, àti iye kan náà láti kà. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é mọ́jú.

Ẹ má tìtorí 931GB bá òǹtajà jà ṣá. 1TB gidi ni Windows ń pè bẹ́ẹ̀, torí ẹgbẹ̀rún ni ilé-iṣẹ́ fi ń kà, Windows sì ń fi 1024 kà.

Jìbìtì kejì ni àlòkù tí wọ́n ń tà bíi tuntun. Ní oṣù kìíní 2025, Heise, iléeṣẹ́ ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Jámánì, tú àṣírí háàdì díráìfù Seagate tó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, tí wọ́n ti dá òǹkà SMART rẹ̀ (àkọsílẹ̀ tí díráìfù ń ṣe nípa iṣẹ́ àti ìlera ara rẹ̀) padà sí òdo kí wọ́n tó tà á. Ti Seagate ní àkọsílẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ FARM. Ẹ lo ètò smartmontools, ẹ̀yà 7.4 sókè: `smartctl -a /dev/sda` (`/dev/sda` ni orúkọ díráìfù, ti yín lè yàtọ̀), kí ẹ wo Power_On_Hours, ìyẹn iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́; lẹ́yìn náà `smartctl -l farm /dev/sda`, kí ẹ fi wákàtí méjèèjì wéra. Bí SMART bá sọ wákàtí mẹ́rin, tí FARM sọ 20,000, ẹ dá a padà kíákíá. Bó bá wà nínú àpótí USB, ó lè gba pé kí ẹ fi `-d sat` kún un. Fún háàdì díráìfù ilé-iṣẹ́ mìíràn, ètò CrystalDiskInfo lórí Windows ni kí ẹ ṣí: ìlà 05, C5 àti C6, tó ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tàbí tó ń ṣòro láti kà, gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo lábẹ́ Raw Values. Ẹ wo ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ náà; tí irin rẹ̀ bá ti ha, wọ́n ti lò ó rí.

Ní ti láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún "1TB" tó jẹ́ eMMC 64GB (irú àyè ìpamọ́ olówó pọ́ọ́kú) tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí ìyókù jẹ́ OneDrive, àyè orí ayélujára ti Microsoft, fún ọdún kan. Kò ṣeé yọ pààrọ̀, Windows 11 nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Bó bá jẹ́ SSD lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ojú ihò M.2 yín, ibi tí a ń ki SSD bọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù, ń gbà, bóyá NVMe ni àbí SATA, àti bóyá 2280 ni gígùn rẹ̀ àbí 2242 tàbí 2230 (nọ́mbà méjì tó gbẹ̀yìn ni gígùn ní mílímítà).

Fún ẹ̀dà ìpamọ́, háàdì díráìfù lásán tó ní ìlọ́po méjì àyè láptọ́ọ̀pù yín, láti ọwọ́ òǹtajà tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí, sàn ju SSD olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ máa wo orúkọ ẹni tó ń tà á gan-an, kì í ṣe orúkọ ọjà orí ayélujára nìkan.

Bí ayédèrú bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má kọ ohunkóhun sí i mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da èyí tó ṣì ń ṣí nínú rẹ̀ kọ síbòmíràn, ẹ má sì pa èyí tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ́. Ẹ ya fọ́tò èsì H2testw tàbí F3, kí ẹ sì gba ẹ̀ka ìdápadà ọjà náà béèrè gbogbo owó yín. Òǹtajà lè ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS (ọ̀nà tí Windows fi ń to fáìlì), tàbí kó ní òun á dá ìdajì owó padà kí ẹ lè dákẹ́. Ẹ má gbà. Fọ́máàtì kò lè sọ 64GB di 16TB.