RTL-SDR, Airspy tàbí tinySA: èwo ló yẹ kí ẹ rà láti fi ṣọ́ ariwo rédíò nínú ilé?

Ìnfátà, gílóòbù LED, ṣájà fóònù àti kọ̀ntírólà sóláà ló máa ń da ariwo bo rédíò nínú ọ̀pọ̀ ilé. RTL-SDR àti Airspy jẹ́ SDR, ìyẹn ẹ̀rọ rédíò tó ń gbára lé kọ̀ǹpútà; tinySA ní tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ tó ń yàwòrán agbára ìgbì lójú ara rẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ tí etí rẹ̀ mú jù lọ kí ẹ tó rí àwọn aláriwo yìí mú. Ní àdúgbò tí èèyàn ń gbé, ìlànà P.372 ti ITU-R, ẹ̀ka rédíò àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ṣírò ariwo àtọwọ́dá lórí 7 MHz sí nǹkan bí 49 dB ju ariwo ooru lásán lọ; ẹ̀rọ owó pọ́ọ́kú tó ní áńtẹ́nà gidi máa gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rédíò ìtòsí kò ní bò mọ́lẹ̀ ni kí ẹ náwó lé.

| | RTL-SDR Blog V4 | Airspy HF+ Discovery | tinySA Ultra |
|---|---|---|---|
| Ibi tó ń gbọ́ | 500 kHz sí 1.766 GHz | 0.5 kHz sí 31 MHz, 60 sí 260 MHz | 100 kHz sí 800 MHz ní ipò lásán; ó ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ipò Ultra |
| Ìbú tó ń hàn lẹ́ẹ̀kan | 2.4 MHz | 660 kHz | ó ń gbá a kọjá díẹ̀díẹ̀ |
| Kọ̀ǹpútà | dandan ni | dandan ni | kò pọn dandan |

V4 ni ká ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ rà, nítorí owó rẹ̀ wà ní nǹkan bí 40 dọ́là láìka owó ìfiránṣẹ́. Lórí ìgbì kúkúrú, ó sàn dáadáa ju V3, èyí tó ṣáájú rẹ̀. V3 ń wọn ìgbì náà tààrà ní 28.8 MHz, nítorí náà ohun tó wà lórí 10 MHz tún lè yọjú lórí 18.8 MHz, ẹ ó sì máa lé ariwo tí kò sí. Ẹ fi dírafà RTL-SDR Blog sí V4 o. Pẹ̀lú dírafà àtijọ́, ìgbì kúkúrú kò ní wọlé bó ṣe yẹ. Àbùkù rẹ̀ ni pé bit 8 péré ló fi ń wọn ìgbì, nítorí náà ìgbì ńlá tètè máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Tí òpó AM tàbí FM bá wà nítòsí yín, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò á máa hàn níbi tí wọn kò sí.

Ibẹ̀ gan-an ni Airspy ti ta á yọ. Ó lè gba ohùn ńlá àti ohùn kékeré pọ̀ láìdàrú, ṣùgbọ́n nǹkan bí 170 dọ́là ni, kò sì gbọ́ ohunkóhun láàárín 31 àti 60 MHz.

tinySA ní bátìrì àti ojú tirẹ̀, ẹ lè gbé e rìn káàkiri yàrá. Ó ń fi agbára ìgbì hàn ní dBm, ìyẹn ìwọ̀n gidi, nígbà tí àwọn SDR kàn ń fi òkè ìgbì wé ilẹ̀ ariwo, ìyẹn ariwo tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ariwo tó bá ń ṣẹ́jú lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má ṣe so ó mọ́ wáyà iná láéláé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ pa AGC (ohun tó ń yí agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ padà fúnra rẹ̀), kí ẹ sì fi gain, ìyẹn agbára ìgbọ́ràn náà, sójú kan. Ẹ kọ́kọ́ so ìdérí 50 ohm mọ́ ẹnu áńtẹ́nà dípò áńtẹ́nà, kí ẹ kọ ìwọ̀n ilẹ̀ ariwo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí áńtẹ́nà bá wọlé, ó yẹ kí ilẹ̀ ariwo náà gòkè tó 10 dB. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí bátìrì: ṣájà rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn afurasí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná ilé láti orí bréékà, kí ẹ sì tún máa tan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ariwo kò bá lọ sílẹ̀ nígbà tí iná ilé kú, ó ṣeé ṣe kí ó wá láti ìta, tàbí kí ó jẹ́ ohun tó ń jẹ bátìrì.

Fún ìṣọ́ ọjọ́ kan gbáko lórí V4, ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú kọ̀ǹpútà:

`rtl_power -f 24M:30M:10k -i 60 -g 20 -e 24h ariwo.csv`

Ariwo tó bá dé pẹ̀lú oòrùn, tó sì lọ ní ìrọ̀lẹ́, kọ̀ntírólà sóláà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìlà tó ń tẹ̀lé ara wọn ní àlàfo kan náà, tó sì ń yọ́ rìn, sábà máa ń jẹ́ ti ṣájà tàbí gílóòbù LED. Ìró 100 Hz sábà máa ń jẹ́ ti wáyà òpó iná tó ń ta páná, nítorí iná 50 Hz ń dé góńgó ní ìgbà méjì nínú ìyípo kan.

Ẹ ṣẹ́ owó ferrite oríṣi 31 kù, ìyẹn òrùka tí wáyà ń gba inú rẹ̀ láti dènà ariwo. Tí ẹ bá yí wáyà lọ́nà mẹ́ta gba inú rẹ̀, ìdènà rẹ̀ á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ti ẹ̀ẹ̀kan.