Igi Ficus tí mo rà ní Àkúrẹ́: ìkòkò rẹ̀ ló fẹ́ pa á

Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo ra igi yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. ₦38,000 ni, ìkòkò funfun dídán wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ilé mi ní Ìjàpó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Fiddle leaf ni wọ́n ń pè é, Ficus lyrata sì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ẹni tó tà á sọ pé òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Irọ́ ni. Inú igbó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ni Ficus lyrata ti wá, mọ̀lẹ́bí ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni. Màmá mi ò kàwé kankan kó tó mọ̀. Bó ṣe wọlé láti Ìdànrè, ó wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní: "Ṣé o ò rí ibòji ọdán jókòó sí níta mọ́ ni, tó o fi gbé e wọ pálọ̀?"

Ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n máa bomi rin ín láràárọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé 2 kọ́kọ́ já. Mo ní kò burú, irú igi yìí máa ń wọ́wé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i nípò. Nígbà tó di 7, tí àmì dúdú sì ń jẹ àwọn ewé ìsàlẹ̀, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fà á yọ. Òórùn tó jáde dà bíi ti omi fùfú. Ìkòkò dídán yẹn kò ní ihò kankan nídìí! Omi tí mo ti ń dà láti ọ̀sẹ̀ 3 wà níbẹ̀ digbí. Mo di gbòǹgbò kan mú, awọ rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀wà tá a rẹ fún àkàrà, ó ku fọ́nrán tín-ín-rín bí òwú.

Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní omi ni mo bù jù. Ẹni tó ní kí n máa bù ú láràárọ̀!

Mo gé gbogbo gbòǹgbò tó ti rà (oje funfun rẹ̀ máa ń yún ara, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé jẹ ewé rẹ̀). Mo po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn odò, mo sì gbìn ín sínú garawa ọ̀dà tí mo lu ihò 6 sí nídìí. Kò ṣeé wò, ni ìyàwó mi bá fi agbọ̀n bò ó. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló wà, ó jìnnà sí ẹ́síì. Ìka ni mo fi ń yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò báyìí, dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, mi ò fọwọ́ kan omi. Lásìkò òjò, ó lè tó ọjọ́ 10. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ 5 tàbí 6, mo sì máa ń fi aṣọ tútù nu eruku ewé rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. Oṣù Kejì ló yọ ewé tuntun.

Igi: 5 nínú 5. Gbígbé wálé: 4, ewé kan ya lójú ọ̀nà. Ìkòkò àti ìmọ̀ràn: 1, mo sì ṣàánú wọn. Bí mo bá tún fẹ́ rà, ibẹ̀ náà ni màá lọ, ṣùgbọ́n màá mú garawa mi dání.