Gbígbé Windows 11 Tuntun Sórí Kọ̀ǹpútà Onídírááfù Méjì: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Yọ Èkejì Ná

Bí kọ̀ǹpútà bá ní dírááfù (ibi tí fáìlì ń gbé nínú ẹ̀rọ) kan ṣoṣo, ètò tí Microsoft ṣe fún gbígbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ láti ìpìlẹ̀ kò ní àbùkù kan tí ó tó pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí dírááfù bá di méjì, tí SSD kékeré, irú dírááfù tí ó máa ń yára, gbé Windows, tí dírááfù ńlá sì gbé fọ́tò, ìwé àti iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, ètò yìí kan náà a máa fi ẹni tí ó ń lò ó sílẹ̀ níbi tí ó ti yẹ kí ó dì í lọ́wọ́ mú jù lọ. Àtìlẹ́yìn gbogbogbò fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà iṣẹ́ yìí ti já lé àwọn tí kò ṣe é rí léjìká, àwọn ni mo sì ń rò bí mo ṣe ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí.

Ìpalẹ̀mọ́ rọrùn. Media Creation Tool, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Microsoft, ni yóò gbé Windows sínú fíláàṣì tí kò kéré sí GB 8, yóò sì kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tí ó wà nínú fíláàṣì náà rẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìlò pàápàá kò mú wàhálà lọ́wọ́: bí Windows 11 bá ti ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀, ẹ yan «I don't have a product key», ẹ mú irú kan náà tí ó wà níbẹ̀, ìbáà ṣe Home tàbí Pro, àṣẹ náà yóò sì padà fúnra rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ti kan íntánẹ́ẹ̀tì.

Ojú ewé tí ètò náà ti ń béèrè ibi tí Windows yóò wà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀ ni nọ́ńbà dírááfù, 0 àti 1, nọ́ńbà ìpín kọ̀ọ̀kan (àyè tí a pín dírááfù sí), bí ó ṣe tóbi tó, àti àyè tí ó ṣẹ́kù. Kò sọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe dírááfù náà, kò sọ èyí tí ó jẹ́ SSD, kò sì sọ èyí tí fáìlì yín wà nínú rẹ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ TB 1, GB 931 àti GB 931, bí Windows ṣe ń ka TB 1, ni yóò tò sílẹ̀ níwájú yín, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Nọ́ńbà 0 kò sì túmọ̀ sí pé òun ni Windows ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe kà wọ́n nígbà tí ó ń tàn ni. Ìkìlọ̀ kan a máa jáde lóòótọ́ bí ẹ bá tẹ Delete, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni ìkìlọ̀ ọ̀hún ń sọ fún dírááfù èyíkéyìí, bí ẹ bá sì gbà fún un lórí èyí tí kò yẹ, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ẹni tí kò ní ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ níbòmíràn. Ohun kan wà tí ó ń ṣèrànwọ́: kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sínú File Explorer, kí ẹ fún ìpín kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí kò lè ṣì yín lọ́nà, nítorí orúkọ náà a máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù kò tilẹ̀ hàn sójú rárá. Ìpín kékeré kan tí wọ́n ń pè ní EFI ni ó ń gbé fáìlì tí ó ń jí Windows dìde. Bí irú ìpín bẹ́ẹ̀ bá ti wà lórí dírááfù kejì láti ìgbà àtijọ́, ètò yìí lè kó fáìlì ìtanná náà sí ibẹ̀, kí ó sì gbé Windows fúnra rẹ̀ sórí dírááfù tí ẹ yàn, láìsọ ohunkóhun fún yín. Kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí di ọjọ́ tí ẹ bá yọ dírááfù àtijọ́ náà tàbí tí ẹ bá nù ún mọ́, tí ẹ̀rọ á kọ̀ láti tàn bí ẹni pé Windows ti kú. Wọ́n lè tún un ṣe pẹ̀lú bcdboot, àṣẹ tí a ń tẹ̀ láti tún fáìlì ìtanná kọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ onímọ̀ nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ rárá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ gbangba pé kí ẹ yọ dírááfù kejì kí ẹ tó fi fíláàṣì sí ẹ̀rọ. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ pa iná, ẹ fa wáyà SATA rẹ̀, èyí tí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, yọ. Bí ó bá jẹ́ ti M.2, pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ ihò inú ẹ̀rọ, nọ́ọ̀tì kékeré kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń dì í mú. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan gbà kí a ti ojú ihò rẹ̀ pa nínú BIOS, ojú ewé ètò ẹ̀rọ tí a ń ṣí kí Windows tó tàn. Nígbà tí ó bá ku dírááfù kan, ètò náà á di èyí tí mo ń yìn: ẹ pa gbogbo ìpín rẹ́ títí yóò fi ku «Unallocated Space», ẹ tẹ Next, yóò sì dá EFI àti àwọn ìpín yòókù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìyẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ dá èkejì padà, kí ẹ ṣí Disk Management láti rí i pé «EFI System Partition» wà lórí dírááfù kan náà pẹ̀lú C.

BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dírááfù pa, nìkan ni yíyọ dírááfù kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dírááfù kejì bá wà ní títì, tí Windows àtijọ́ sì ń ṣí i fún yín fúnra rẹ̀, Windows tuntun kò mọ ọ̀nà. Yóò béèrè páásíwọ̀ọ̀dù tàbí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà onídíjíìtì 48. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì lè rí i. Àwọn nǹkan kéékèèké tí ó kù kò le: lẹ́tà D lè di E, Windows lè béèrè ìyọ̀ǹda kí ó tó ṣí àwọn fóldà kan, púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà tí ẹ gbé sórí dírááfù kejì ni yóò sì nílò kí ẹ tún wọn gbé.

Ó dá mi lójú pé Microsoft lè ṣe é dáadáa jù báyìí, nítorí wọ́n ti ṣe é níbòmíràn. «Reset this PC», tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, a máa bi ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní dírááfù méjì bóyá èyí tí Windows wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí òun nù tàbí gbogbo wọn pátá. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ dírááfù àti ibi tí fáìlì ìtanná yóò wà, ni ó yẹ kí ó wà nínú fíláàṣì náà pẹ̀lú. Títí tí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un.