Àkọlé gàdàgbà, òtítọ́ bíńtín

Mo fẹ́ràn ìwé ìròyìn aláriwo, n kò ní purọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, àkọlé rẹ̀ gba ìdajì ojú ewé àkọ́kọ́, lẹ́tà pupa rokoṣo: "Àṣírí tú!" Àṣírí wo? Nígbà tí mo kà á débi tó parí sí, "a gbọ́ pé" ló kún ibẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ kàn sì ní irọ́ ni. Ọgbọ́n àtijọ́ ni ṣá. Láti 1895 ni Hearst àti Pulitzer, àwọn olówó ìwé ìròyìn méjì ní Amẹ́ríkà, ti ń fi irú rẹ̀ bára wọn du òǹkàwé ní New York.

Síbẹ̀, ẹ má pè é ní pàǹtí. News of the World, ìwé ìròyìn aláriwo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló tú àṣírí àwọn eléré kíríkẹ́ẹ̀tì Pakistan tó gbowó ẹ̀yìn ní 2010, wọ́n sì ṣẹ̀wọ̀n. Ní 2011, ìwé ìròyìn yẹn kan náà kógbá sílé, torí pé àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ ń jí ọ̀rọ̀ inú fóònù àwọn èèyàn gbọ́, títí kan ti ọmọdébìnrin tí wọ́n pa. Ẹ gbọ́, irú ìwà wo nìyẹn?

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún: ọ̀kan fún èdè tó dùn ún kà, ọ̀kan fún abala eré ìdárayá. Wọn kì í purọ́ níbẹ̀, gbogbo wa la ti mọ iye góòlù tó wọlé.