Latanoprost tí kì í ṣe Xalatan: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́sàn-án

Lọ́kọ́ja ni dókítà ojú ti sọ fún mi pé gílákómà ni, àìsàn tó máa ń ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìfúnpá ojú ọ̀tún mi jẹ́ 28, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá 21. Ó kọ Xalatan fún mi, oògùn ojú tí latanoprost wà nínú rẹ̀, ẹ̀kán kan lálaalẹ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́, àmọ́ apá mi kò ká owó rẹ̀. Bí ìgò kan bá tán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí òmíràn rà. Àìsàn yìí kì í sábà dunni, òun ló fi ń tanni jẹ. Ibi tó bá sì ti jẹ lára iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, kò sí oògùn tó ń dá a padà.

Ìyàwó àbúrò mi, nọ́ọ̀sì ní Kàbà, ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè lo jẹ̀nẹ́ríìkì." Ìyẹn ni oògùn kan náà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí kò jẹ́ orúkọ Xalatan. 1996 ni Xalatan jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2011, àṣẹ tó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo máa dá a ṣe níbẹ̀ parí, làwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ẹ ó wá lára páálí ni latanoprost 0.005%, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC.

Dókítà gbà. Xalatan ti gbé ìfúnpá náà wálẹ̀ sí 17. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú jẹ̀nẹ́ríìkì, 18 ni. Ó ní ọ̀kan náà ni. Ojú mi pọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, irun ìpéǹpéjú mi sì ń gùn, bó ṣe rí nígbà Xalatan.

Ìgò jẹ̀nẹ́ríìkì yìí ni mi ò fẹ́ràn. Ó le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò ní jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀kán méjì á já lẹ́ẹ̀kan náà, 2.5 ml péré ló sì wà nínú rẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń dùbúlẹ̀ kí n tó kán an, màá wá fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan.

Inú fíríìjì ló yẹ kí ìgò tí a kò tíì ṣí wà. Nítorí iná tiwa yìí, mi ò ra méjì pa pọ̀ rí. Ilé oògùn kan mú tèmi láti orí pẹpẹ tí oòrùn ń pa. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ìwé inú páálí ní kí n da ìyókù nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo bá ti ṣí i, nítorí náà mo máa ń kọ ọjọ́ sára rẹ̀.

Owó Xalatan kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mẹ́ta nínú rẹ̀. Látìgbà tí mo ti bọ́ sórí rẹ̀, alẹ́ méjì péré ni mi ò kán an, nígbà tí a lọ sìnkú ní Ìsánlú tí mo gbàgbé rẹ̀ sílé.