Ẹ̀bùn tí kò ní ba àyíká jẹ́ fún olólùfẹ́ ẹni: fìtílà onísólà àbí àdìrẹ elélùú?

Mo ti ra méjèèjì fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi ni nígbà náà; a ti ṣègbéyàwó báyìí. Tíṣà ni, alẹ́ ló sì máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló máa ń tàn sí ẹ̀yìn fèrèsé, èéfín rẹ̀ á sì máa wọlé bá a níbi tó jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ ronú fìtílà onísólà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ra àdìrẹ. Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra láti ra ẹ̀bùn má baà náwó síbi tí èmi náwó sí.

Ní ti owó, wọn ò jìnnà síra. ₦28,000 ni mo ra fìtílà. Yáàdì márùn-ún àdìrẹ tí wọ́n fọwọ́ ya, tí wọ́n sì fi ewé èlú rẹ láró, ₦32,000 ni mo san nígbà náà.

Ní ti ayọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, fìtílà ló borí. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé e fún un gan-an ló ti tàn án. Ó ní, "Àjọkẹ́, o ti gbà mí lọ́wọ́ èéfín." Inú mi dùn débi pé mi ò tètè sùn. Àdìrẹ ní tirẹ̀, ó ní láti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ná, gbogbo wa la sì mọ ọ̀rọ̀ télọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà á nìyí: bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Fìtílà yẹn ò tíì pé oṣù mẹ́rin tí iná tó máa ń tàn títí di aago mọ́kànlá òru fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí aago mẹ́jọ tó lù. Àfẹ́sọ́nà mi ń gbé e sóòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pàbó ló ń já sí. Kò sọ fún mi. Mo kàn yà sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo bá a níbi tó ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Bó ṣe rí mi, ó sáré pa á, kò fẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀bùn mi ti kú. Ìyẹn dùn mí ju owó náà lọ.

Mo gbé e padà síbi tí mo ti rà á. Ẹni tó tà á fún mi ní àwọn kì í gba ọjà padà, pé kò sí gáráǹtì lórí iná sólà. Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ó sì tú u lójú mi. Pánẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ dáa. Gílóòbù rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Bátìrì ló kú. Ó ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike inú rẹ̀ pinpin. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan tí èèyàn lè fi wá irú rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Àǹtí, mi ò lè fi ọ̀bẹ yọ èyí o, ó lè gbiná." Òótọ́ ló sọ. Bátìrì lítíọ́mù tó bá ti wú, bí irin bá lè gún un, ó lè bú gbàmù.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àyíká tí mo tìtorí rẹ̀ rà á ti wá yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ibo ni kí n kó òkú fìtílà sí? Ààtàn àdúgbò wa, ṣe ni wọ́n máa ń dáná sun ún. Bí mo bá jù ú sí gọ́tà, àgbàrá òjò á gbé e, odò ló sì ń gbé e lọ. Àwa tá a wà ní Òṣogbo mọ bí odò Ọ̀ṣun ṣe rí báyìí. Látìgbà tí àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń fọ erùpẹ̀ sínú omi, ó ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ṣàn gba inú igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Mi ò lè fi ẹ̀bùn ìfẹ́ kún ẹrù odò yẹn. Mo gbé bátìrì náà sínú agolo ọ̀dà, mo bu iyanrìn lé e lórí. Ó wà lẹ́yìn ilé wa títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èyí ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra fìtílà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ wò ó: ṣé ìdè, ìyẹn síkúrù, ni wọ́n fi dè é, àbí gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́? Èyí tó ní ìdè ni kí ẹ mú. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, kí ẹ rí i pé bátìrì rẹ̀ ṣe é yọ, kí orúkọ àti agbára rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí LiFePO4, orúkọ irú bátìrì lítíọ́mù kan, lára bátìrì, irú ìyẹn sábà máa ń pẹ́ ju àwọn tó kù lọ. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní bátìrì náà lọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń ta fìtílà tí kò ta bátìrì rẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Àdìrẹ wá ńkọ́? Òṣogbo Òròkí, ìlú aró ni wá. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé lọ́jọ́ tí àwọn tó tẹ ìlú dó gé igi tó wó sínú odò, ohùn kan ké jáde látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà wa báyìí kò dé inú ìkòkò aró kankan rí. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá, ìyẹn pọ́líẹ́sítà, ló sì wà nínú òwú rẹ̀. Mo ti ra irú rẹ̀ rí ní ₦9,000. Ìfọ̀ mẹ́ta, ó ti hu bí irun àgùntàn. Ẹ yí aṣọ náà padà: èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá ju iwájú lọ. Ẹ wo ọnà ara rẹ̀ láti yáàdì dé yáàdì. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu láìyẹ̀ rárá, kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ló yà á. Tàbí kí ẹ fa fọ́nrán òwú kan létí rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á di eérú. Ọ̀rá á yọ́, á ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú.

Láàárín èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe gan-an, ìyàtọ̀ ṣì wà. Aró ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà láti Jámánì ní 1897, àwọ̀ kan náà ló ní pẹ̀lú aró ewé èlú. Ojú lásán ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yọ́ ọ ló yàtọ̀: kọ́sítíìkì sódà àti ìyẹ̀fun kẹ́míkà, tí omi rẹ̀ sì ń gba gọ́tà lọ bí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ń rà, àfi kó dé ìdí ìkòkò.

Mo débẹ̀. Ìyá aláró kan ní ìhà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n júwe fún mi. Mo bá a tó ń sẹ́ omi eérú látinú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, omi náà ń kán tó, tó, tó, ó pọ́n bí oyin. Èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì sá gbẹ wà nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan ni aró fi ń pọ́n kí ó tó ṣe é lò, pé àwọn kì í sì da ìkòkò nù. Èlú àti omi eérú ni àwọn fi ń bù kún un. Mo fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n ń rì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mú sùúrù ná, wò ó." Wọ́n fà á jáde. Àwọ̀ ewé ló ní, bí ewédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Kí n tó ka ogún, etí rẹ̀ ti ń dú, ó sì ń dú lọ sí àárín. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Wọ́n tún rì í padà, wọ́n tún fà á jáde, lẹ́ẹ̀mejì sí i lójú mi.

Ìbàdàn dùn ni mo mú, ọnà tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí, nítorí Ìbàdàn lọkọ mi ti kàwé. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya ẹ̀kọ láfún sára rẹ̀, kí aró má baà mu ibi tí ọnà wà.

Àbùkù kan wà. Aró ewé máa ń ràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ di búlúù lọ́rùn. Ẹ ṣan án nínú omi lásán títí omi á fi mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ sá a síbòji.

Nígbà tó lo ọdún méjì, èjìká aṣọ náà ti ń ṣá. Mo mú un padà lọ bá ìyá. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi ìka tọ́ ibì kan tí òpó kan ti wọ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi rèé. Ibí yìí ni ìyẹ́ ti yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́." ₦2,500 ni wọ́n gbà, wọ́n tún un rẹ. Ọnà tó funfun tẹ́lẹ̀ wá mu aró díẹ̀, ó di búlúù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ sì dú mìnìjọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ilé mi dé ibi tí wọ́n ti tún un ṣe, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni mo wọ̀.

Àwọn ẹ̀bùn yòókù, ẹ jẹ́ kí n yára kà wọ́n. Òdòdó inú ìkòkò dára fún ẹni tó ń gbélé tí á máa bomi rin ín. Ti ike, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ọṣẹ dúdú àti òrí nínú igbá ṣe dáadáa, kò sí ike tàbí láílọ́ọ̀nù kankan níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń tán, nítorí náà ẹ fi kún ẹ̀bùn mìíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ Bídà, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí wọ́n ń fi àfọ́kù ìgò rọ, mo gbà á fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn, ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, dá sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983, wọ́n ń kọ́ èèyàn ní àdìrẹ níbẹ̀.

Bí olólùfẹ́ yín bá ń gbé níbi tí iná kì í dé rárá, fìtílà ló nílò, ẹ ra èyí tó ní ìdè. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń rí iná díẹ̀díẹ̀ bíi tiwa, ẹ lọ sí ìdí ìkòkò. Kí ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fún un. Bó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, torí oòrùn ló ń gbẹ ẹ̀kọ ara aṣọ, aláró kì í sì rì í sínú aró nígbà tó bá ṣì tutù.